Ìgbì kì í gba páálí: físíìsì létí òkun Àgbádárìgì, láti orí omi dé inú wáyà

1/ Òwú gígùn ni mo fẹ́ ta lónìí, torí náà ẹ wá ibi jókòó sí. Ọ̀rọ̀ ìtàn ni, ọ̀rọ̀ físíìsì ni, ọ̀rọ̀ Àgbádárìgì sì ni. Ẹni tí físíìsì ń bà lẹ́rù, má sá lọ jàre. Kò sí ìdánwò níparí.

2/ Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n kọ́ wa ní ìgbì: ìgbì omi, ìgbì ohùn, ìgbì ìmọ́lẹ̀. Àpẹẹrẹ inú ìwé wa ńkọ́? Adágún omi kan nílẹ̀ òyìnbó tí ẹnì kan ju òkúta sí. Odidi òkun Àtìláńtíìkì wà níwájú Ìpínlẹ̀ Èkó, ó ń hó tọ̀sántòru, kò sí ẹni tó dárúkọ ẹ̀ nínú kíláàsì. A gba máàkì, a jáde.

3/ Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni pé òfin kan ṣoṣo wà nídìí nǹkan mẹ́ta. Ìkíní: bí etíkun Àgbádárìgì ṣe rí báyìí, àti ìdí tó fi lè má rí báyìí mọ́. Ìkejì: bí ayé ṣe gba Einstein gbọ́ lọ́dún 1919, ní erékùṣù kan tó sún mọ́ Àgbádárìgì ju Sókótó lọ. Ìkẹta: bí ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kà yìí ṣe dé orí fóònù yín.

4/ Òfin náà rèé: bí apá kan ìgbì bá falẹ̀ ju apá kejì lọ, ìgbì náà á tẹ̀, á yà sí ọ̀dọ̀ apá tó falẹ̀.

Ẹ wo Márúwá tó ń sáré bọ̀ lórí ọ̀dà. Táyà ẹ̀yìn tòsì kó sínú yanrìn, tọ̀tún ṣì wà lórí ọ̀dà. Tòsì falẹ̀, tọ̀tún ń sáré lọ. Kí ló máa ṣẹlẹ̀? Márúwá á yà sí òsì, dẹ́rẹ́bà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ó tán. Ẹ ti mọ òfin náà.

5/ Òfin yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ibn Sahl kọ ọ́ sílẹ̀ ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 984, nígbà tó ń wádìí bí gíláàsì ṣe ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan. Ní 1621, Snell ará Netherlands náà rí i, orúkọ tiẹ̀ ló sì mọ́ òfin náà lára nínú ìwé wa. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ká lọ sétí òkun.

APÁ KÌÍNÍ: OMI

6/ Ẹni tó bá ti dúró létí òkun Gberefu á ti rí i: lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ò tilẹ̀ fẹ́ rárá, ìgbì ń wọlé ni. Ìgbì ńláńlá, ó ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi pé ẹnì kan ń kà á. Ta ló ń rán an?

Ìjì ni. Ìjì tí a ò rí, tí a ò gbọ́. Ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún, níbi tí òtútù ti ń mú, afẹ́fẹ́ líle ń fẹ́ lórí omi fún ọjọ́ púpọ̀. Ibẹ̀ ni ìgbì wa ti gbéra, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà mẹ́fà sí wa.

7/ Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀, kò le. Ká ní ìgbì kan ń dé lẹ́yìn èkejì ní ìṣẹ́jú àáyá 12. Nínú omi jíjìn, orí ìgbì bẹ́ẹ̀ ń sáré bíi mítà 19 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àlàfo láti orí ìgbì kan sí èkejì sì tó bíi mítà 225. Àmọ́ agbára tó gbé ìgbì náà ń rìn ní ìdajì ìyára yẹn ni, bíi kìlómítà 800 lójúmọ́. Ẹ fi pín 6,000. Ó lé ní ọjọ́ méje. Ìgbì tó gbá yín lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ìjì ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló rán an.

8/ Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ tí mo lò: agbára ló rìn. Omi kọ́. Bí àgbọn bá já bọ́ sínú òkun, tó sì léfòó sí ẹ̀yìn ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ẹ wò ó dáadáa. Á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, á lọ síwájú díẹ̀, á padà sẹ́yìn díẹ̀. Ìgbì kọjá lábẹ́ ẹ̀, àgbọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbi tó wà. Bí ìròyìn ṣe ń ti ẹnu kan dé ẹnu kejì títí tó fi dé Èkó, tí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò sì kúrò ní Ṣakí, bẹ́ẹ̀ náà ni.

9/ Nígbà tí ìgbì bá wá súnmọ́ èbúté, ilẹ̀ abẹ́ omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lẹ́sẹ̀. Níbi tí omi jìn tó mítà 10, ìyára ẹ̀ kò ju bíi mítà 10 lọ mọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Níbi tó jìn ní mítà 2 àbọ̀, ó ti di mítà 5.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba títì Mile 2 sí Àgbádárìgì, ẹ mọ èyí dáadáa. Tí ọkọ̀ iwájú bá falẹ̀, tẹ̀yìn á dé bá a, gósíló á ṣú. Ìgbì náà bẹ́ẹ̀: ó fún jọ, ó ga sókè, orí ẹ̀ wá sáré ju ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ, ó sì ṣubú. Ìyẹn ni ariwo tí ẹ ń gbọ́.

10/ Ibi tí òfin wa ti wọlé rèé. Etíkun wa nà láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ìgbì ń bọ̀ láti gúúsù tó fì sí ìwọ̀-oòrùn. Kì í kọjú sí wa gan-an, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wọlé. Apá tó kọ́kọ́ dé ibi omi tí kò jìn falẹ̀, apá tó kù ń sáré, ìgbì tẹ̀ bíi Márúwá. Ó tẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí wa tán.

Ó kù díẹ̀ kó tẹ̀ tán. Díẹ̀ yẹn ló fa gbogbo wàhálà.

11/ Nítorí díẹ̀ yẹn, gbogbo ìgbì tó bá fọ́ ń ta yanrìn gòkè, tí yóò sì fì í sí apá ìlà-oòrùn. Omi fa yanrìn náà sọ̀ kalẹ̀, ìgbì tó tẹ̀lé e tún gbé e, ó tún fì í sí ìlà-oòrùn. Ẹ ronú sí i: ìgbì kan ní ìṣẹ́jú àáyá 12, ó lé ní 7,000 ìgbì lójúmọ́. Lọ́dún kan, yanrìn tó ń gba iwájú etíkun wa kọjá ń wọ ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ìwọ̀n mítà onígun mẹ́rin-mẹ́rin.

Láti Gánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀, ó gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá. Kò gba páálí. Kò rí kọ́sítọ́ọ̀mù.

12/ Yanrìn yìí ló kọ ìtàn Àgbádárìgì. Òun ló nà bí ìgbànú láàárín òkun àti ọ̀sà, tí ó fi jẹ́ pé láti Kútọnu dé Èkó, ọ̀sà ò rí ẹnu tó máa gbà wọ òkun. Lẹ́yìn ìgbànú yẹn, omi tòrò. Ọkọ̀ ọpọ́n lè ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wá sí Àgbádárìgì, kó sì dé Èkó, láì fojú kan òkun. Ìdí nìyí tí ọjà fi ń bọ̀ síbẹ̀. Àwọn Ògù tí àwa Yorùbá ń pè ní Ègùn, àwọn Àwórì, àwọn tó sá ogun wá, gbogbo wọn pàdé lẹ́yìn yanrìn yẹn.

13/ Òwò ẹrú náà pàdé wọn níbẹ̀. Ẹ ti gbọ́ nípa ọjà Vlekete, ẹ ti gbọ́ nípa ilé tí wọ́n ń kó ẹrú sí. Wọ́n á fi ọkọ̀ gbé wọn sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu, wọ́n á rin orí yanrìn dé etí òkun, ibi tí a ń pè ní ojú ọ̀nà àrèmábọ̀ lónìí. Ọkọ̀ òyìnbó ò lè súnmọ́ èbúté torí ìgbì yẹn. Ọ̀ọ́kán ló ń dúró sí. Ọkọ̀ ọpọ́n ló ń gbé èèyàn gba inú ìgbì kọjá. Àwọn kan ò dé inú ọkọ̀ ńlá rárá, ìgbì ló gbà wọ́n.

14/ Àwọn atukọ̀ ọpọ́n wọ̀nyẹn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Gold Coast, mọ ohun kan tí àwa kọ́ ní yunifásítì. Ìgbì ńlá kì í dá wá. Ó ń tẹ̀léra wá ní ọ̀wọ́, lẹ́yìn náà òkun á rọ̀ díẹ̀. Ohun tó fà á ni pé ìgbì méjì tí àlàfo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí wọ́n bá pàdé, á ran ara wọn lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, á sì pa ara wọn fún ìgbà díẹ̀. Atukọ̀ dúró, ó ń kà á, ó rí àyè, ó pariwo, gbogbo àjẹ̀ wọ omi. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Òwe ni, físíìsì sì ni.

15/ Ìgbì yìí kan náà ni Clapperton gbà kọjá ní 1825. Òun náà ni Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gbà kọjá ní oṣù Kẹta 1830, kí wọ́n tó lọ wá ibi tí odò Ọya ń gbà wọ òkun. Freeman gbà á ní 1842, Townsend náà gbà á lọ́dún kan náà, Àjàyí Crowther gbà á ní 1845. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí gbogbo wa máa ń ya fọ́tò níwájú ẹ̀ yẹn, 1845 náà ni wọ́n parí ẹ̀. Àwọn kan wá pẹ̀lú Bíbélì, àwọn kan wá ra èèyàn. Ìgbì ò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀.

16/ Ó yá, ẹ jẹ́ ká sún sí ìlà-oòrùn díẹ̀. Èkó ní ẹnu ọ̀sà, Àgbádárìgì ò ní. Ìdí kan nìyẹn tí Èkó fi gba ọjà lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ yanrìn tó ń rìn kò fi Èkó náà lọ́rùn sílẹ̀: ó ń gbá jọ sẹ́nu ọ̀sà, ó di òkìtì lábẹ́ omi, ọkọ̀ ńlá ò lè wọlé. Ẹrù Èkó ní láti gba Forcados. Ìjọba amúnisìn wá pinnu: ẹ jẹ́ ká fi òkúta mọ ògiri wọ inú òkun, kí yanrìn má rí ọ̀nà. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1908. Ní 1914, ọkọ̀ òkun ńlá ti ń wọ Èkó.

17/ Ó ṣiṣẹ́. Èkó di Èkó. Àmọ́ ẹ béèrè ìbéèrè tí Márúwá kọ́ wa: yanrìn tí ògiri dí mọ́nà, níbo ló lọ?

Ìwọ̀-oòrùn ògiri ló gbá jọ sí. Lighthouse Beach fẹ̀, ó ń fẹ̀ sí i. Ní ìlà-oòrùn ńkọ́? Ìgbì ò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó ń gbé yanrìn Victoria Island lọ bíi ti àtẹ̀yìnwá, kò sì sí òmíràn tó ń bọ̀ wá rọ́pò ẹ̀. Bar Beach bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nítòsí ògiri, òkun jẹ ilẹ̀ wọlé tó bíi kìlómítà kan. Wọ́n da yanrìn sí i, òkun kó o. Wọ́n tún dà á, òkun tún kó o.

18/ Eko Atlantic tí ẹ ń rí lónìí, apá kan ẹ̀ wà lórí ilẹ̀ tí òkun ti gbà lọ, ògiri ńlá mìíràn ló sì ń dáàbò bò ó. Ẹ jẹ́ kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri rọ́wọ́ họrí. Àwọn tó wà ní ìlà-oòrùn ògiri, bíi Òkun Alfa lọ́nà Lẹ́kí, ń ka ilé tí òkun ń gbé. Òkun ò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Ẹni tó pinnu ibi tí ògiri máa wà ló mọ̀ ọ́n.

19/ Kì í ṣe Èkó nìkan o. Ní àwọn ọdún 1960, Lomé kọ́ èbúté tirẹ̀, Kútọnu náà kọ́ tirẹ̀. Ní 1965, Gánà parí ìdídò Akosombo, yanrìn tí odò Volta ń gbé wá sínú òkun dúró sẹ́yìn ògiri. Lẹ́yìn náà, òkun ń jẹ Aného ní ìlà-oòrùn Lomé, ó ń jẹ àwọn àdúgbò ìlà-oòrùn Kútọnu. Ohun tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè kan ni orílẹ̀-èdè kejì ń san owó ẹ̀.

20/ Ó wá kan Àgbádárìgì. Ọ̀rọ̀ èbúté ńlá ní Àgbádárìgì ti wà nílẹ̀ fún ọdún pípẹ́, ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí i ní 2022. Èmi ò lòdì sí i. Iṣẹ́ ń wọ́n, títì ò dáa, àwọn ọ̀dọ́ ń lọ. Àmọ́ èbúté inú òkun nílò ògiri tó máa dí ìgbì. Ògiri tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á dí yanrìn náà. Kò ju pé ká fi ọwọ́ tọ́ka lórí máàpù: yanrìn á gbá jọ lápá Sẹ̀mẹ̀, òkun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn abúlé tó wà láàárín èbúté àti Ọ̀jọ́. Àyàfi tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ gbé yanrìn sọdá ògiri lọ́dọọdún, láìdáwọ́dúró. Wọ́n ń ṣe é láwọn ibòmíì láyé. Owó ni, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àdéhùn kí òkúta àkọ́kọ́ tó wọ omi.

APÁ KEJÌ: ÌMỌ́LẸ̀

21/ Ẹ mí kanlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kúrò nínú omi.

Ní nǹkan bí 1801, Thomas Young fi hàn ní London pé ìmọ́lẹ̀ náà ń hùwà bí ìgbì. Ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ọ̀nà méjì kó tó pàdé ara rẹ̀. Ibì kan mọ́lẹ̀ sí i, ibì kan ṣókùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ wá di òkùnkùn! Ẹ rántí àwọn atukọ̀ wa tó ń dúró de ìgbà tí ìgbì méjì bá pa ara wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ní 1865, Maxwell ṣàlàyé pé ìgbì iná àti òòfà ni ìmọ́lẹ̀, tó ń sáré ní 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

22/ Einstein wá dé. Ní 1915 ó ní ohun tó bá wúwo ń yí ààyè àti àkókò tó wà láyìíká ẹ̀ padà. Fún ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè, ó dà bíi pé ìmọ́lẹ̀ ń falẹ̀ nígbà tó bá súnmọ́ oòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ Márúwá, ẹ ti mọ ohun tó kù: apá tó súnmọ́ oòrùn falẹ̀, apá òde ń sáré, ìmọ́lẹ̀ á tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ oòrùn. Bí ìgbì ṣe ń tẹ̀ sí etíkun Gberefu.

23/ Báwo ni ó ṣe ní yóò tẹ̀ tó? Tí a bá pín dígíríì kan sí ọ̀nà 3,600, ìpín kan àti díẹ̀, 1.75. Ẹ fi owó ẹyọ kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 àbọ̀ sọ́wọ́ ẹnì kan, kó lọ dúró síbi tó jìn tó kìlómítà 3. Bí owó yẹn ṣe máa kéré lójú yín, bó ṣe kéré tó nìyẹn. Ìṣirò àtijọ́ tó wá láti ọ̀dọ̀ Newton ní ìdajì ẹ̀ ni. Ta ni kí a gbà gbọ́? A ní láti wo ìràwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn. Àmọ́ ta ló ń rí ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn lọ́sàn-án gangan? Àfi tí òṣùpá bá bo oòrùn.

24/ Ọjọ́ 29, oṣù Kárùn-ún, 1919. Òjìji òṣùpá gba Brazil, ó sọdá Àtìláńtíìkì, ó wọ ẹkùn òkun tiwa níbí. Wọ́n rán àwọn kan lọ sí Sobral ní Brazil. Arthur Eddington àti Edwin Cottingham lọ sí Príncipe.

Ẹ ṣí máàpù. Láti Àgbádárìgì sí Príncipe jẹ́ nǹkan bí 730 kìlómítà. Láti Àgbádárìgì sí Sókótó jẹ́ nǹkan bí 780. Omi kan náà ló ń fọ etí wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, òṣùpá bo apá kan oòrùn ní Àgbádárìgì náà. Ẹni tó bá gbójú sókè wà nínú ìtàn yẹn, bó mọ̀, bí kò mọ̀.

25/ Ohun tí ìwé físíìsì kì í sọ rèé: ibi tí Eddington gbé ẹ̀rọ sí, Roça Sundy, oko kòkó ni. Àwọn Pọtogí ló ni ín. Nígbà yẹn, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko kòkó ní São Tomé àti Príncipe, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n kó láti Àǹgólà ní ọ̀nà tí kò yàtọ̀ sí oko ẹrú. Ọ̀rọ̀ náà burú débi pé ní 1909, Cadbury àtàwọn ilé iṣẹ́ ṣokoléètì mìíràn ní Ìlú Ọba kọ̀ láti ra kòkó ibẹ̀ mọ́.

26/ Nínú ìwé tí Eddington àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kọ lẹ́yìn náà, wọ́n sọ pé ọkọ̀ orí irin kékeré ló gbé ẹrù wọn lọ sí Sundy, àmọ́ ibì kan wà tó gùn tó bíi kìlómítà kan tí kò sí irin. Àwọn ọmọ ilẹ̀ ló rù ú gba inú igbó kọjá. Gíláàsì tó máa wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe tẹ̀, orí àti èjìká àwọn èèyàn wa ló gbé e débẹ̀. Orúkọ Eddington wà nínú ìwé. Tiwọn ò sí níbẹ̀.

27/ Lọ́jọ́ náà gan-an, òjò rọ̀ láàárọ̀. Ìkùukùu bo ojú ọ̀run. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 péré ni òṣùpá máa fi bo oòrùn tán. Wọ́n ya àwòrán 16, wọn ò ráyè wòkè dáadáa. Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́, díẹ̀ péré ni ìràwọ̀ hàn nínú ẹ̀. Èyí tí wọ́n rí wọ̀n ní Príncipe jẹ́ 1.61, ti Sobral jẹ́ 1.98. Ìtòsí Einstein ni méjèèjì, wọ́n sì jìnnà sí ìdajì ti àtijọ́. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kọkànlá, 1919, wọ́n kéde ẹ̀ ní London. Orúkọ Einstein gba ayé kan.

APÁ KẸTA: WÁYÀ

28/ Einstein yẹn kan náà ti dá wàhálà mìíràn sílẹ̀ ní 1905. Ó ní ìmọ́lẹ̀ tí gbogbo ayé ti gbà pé ìgbì ni, ń dé ní ẹyọ-ẹyọ pẹ̀lú, bí èkùrọ́. Páànẹ̀lì sólà tó wà lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣáàjì fóònù ń lo ọ̀rọ̀ yẹn lójoojúmọ́: ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan wọlé, ó ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan kúrò ní àyè ẹ̀. Ní 1924, de Broglie yí i padà, ó ní ohun tí a ń pè ní ẹyọ náà jẹ́ ìgbì. Ní 1927, wọ́n dán an wò, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sì hùwà bí ìgbì lóòótọ́. Gbogbo nǹkan ló ń ṣe bí òkun tí a bá wò ó súnmọ́ dáadáa.

29/ Ní 1917, Einstein tún kọ ọ́ pé ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan lè mú kí átọ́ọ̀mù tu irú ẹ̀ kan náà jáde, kí méjèèjì máa rìn ní ìṣísẹ̀ kan. Láti inú ọ̀rọ̀ yẹn ni lésà ti jáde, Maiman ṣe àkọ́kọ́ ní 1960. Ní 1966, Charles Kao sọ pé tí gíláàsì bá mọ́ tó, a lè fi okùn tín-ín-rín rán ìmọ́lẹ̀ lọ sọ́nà jíjìn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2009.

30/ Okùn yẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju irun orí lọ. Gíláàsì méjì ló wà nínú ẹ̀: tàárín ni ìmọ́lẹ̀ ti ń falẹ̀, tòde ni ó ti lè sáré díẹ̀ sí i. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá fẹ́ jáde, òfin Márúwá á dá a padà sí ibi tó ti ń falẹ̀. Kò lè sá lọ. Ó ń sáré ní nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì omi fi ọ̀sẹ̀ kan rin 6,000 kìlómítà wá bá wa. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn á rìn ín kí ẹ tó ṣẹ́jú.

31/ Okùn wọ̀nyí wà lábẹ́ òkun iwájú wa. Ní 1886 ni wáyà tẹligíráàmù ti kọ́kọ́ so Èkó mọ́ London. Ní àsìkò tiwa, SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, MainOne ní 2010. Ní oṣù Kẹrin 2022, èyí tí Google ṣe gúnlẹ̀ sí Èkó. Orúkọ ẹ̀ ni Equiano.

32/ Ẹ dúró díẹ̀ síbẹ̀. Olaudah Equiano, tó sọ nínú ìwé rẹ̀ ní 1789 pé ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n ti jí òun gbé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, tí wọ́n sì fi òun sọdá òkun yìí. Òun ni okùn ìmọ́lẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, lábẹ́ òkun kan náà. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n dunnú sí i tàbí kí n bínú. Mo kàn mọ̀ pé nígbà tí mo bá fi fídíò ránṣẹ́ sókè òkun, kò pẹ́ kó tó dé. Ó sì ń gba èsì bọ̀. Ojú ọ̀nà àrèmábọ̀ ti wá ní àbọ̀.

33/ Okùn náà kì í ṣe ọba àìkú. Ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, 2024, ẹ rántí? Mẹ́rin nínú àwọn okùn wọ̀nyẹn bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan. Báńkì dákú, POS dákú, èmi tí mò ń fi dátà jẹun náà dákú. Ohun tí MainOne sọ ni pé ó jọ pé ilẹ̀ abẹ́ òkun ló sún. Ilẹ̀ sún ní Côte d'Ivoire, alákàrà ò lè gba tíráńsífà l'Ékòó. Ẹ̀kọ́ yanrìn náà ló tún padà wá: òkun ò mọ ẹnubodè.

34/ Ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí rèé. Àwọn kan máa jókòó, wọ́n á fa ìlà sórí máàpù etíkun Àgbádárìgì. Tí a bá rò pé físíìsì jẹ́ ohun tí a fi ń gba máàkì, a ò ní mọ ìbéèrè tó yẹ ká bi wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi èdè ńlá dẹ́rù bà yín. Ẹ kàn béèrè: ògiri yín á gùn tó mítà mélòó? Yanrìn á gba ibo kọjá? Ta ló máa san owó tí wọ́n á fi gbé e sọdá, fún ọdún mélòó? Apẹja tó ń fa àwọ̀n létí òkun yẹn ti mọ̀ pé yanrìn ń rìn. Òun náà yẹ kó wà ní ìjókòó.

35/ Iṣẹ́ kékeré kan rèé fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Gberefu, Tọ́pọ̀, Àjárá, títí dé Sẹ̀mẹ̀: ẹ wá àwòrán àtijọ́ tí àwọn òbí yín yà létí òkun. Pàápàá èyí tí ilé, igi àgbọn tàbí ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ṣì wà níbẹ̀ hàn nínú ẹ̀. Ẹ lọ dúró síbi kan náà, ẹ ya òmíràn, ẹ ka ìṣísẹ̀ láti ibẹ̀ dé omi, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ fi méjèèjì sábẹ́ ibí. Tí ògiri bá dé lọ́la, tí òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀, ohun tí a máa fi sọ pé "ibí ni etíkun wà tẹ́lẹ̀" nìyẹn. Mò ń dúró de àwòrán yín o.